Àáké Lọ́wọ́ Àgbọ̀nrín

Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n tó wà lẹ́sẹ̀ àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú orí Seigáan gbóná. Àáké tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló gbé ẹja tútù wá sí odi àwọn Rọ́ṣíà, òun àti àwọn obìnrin mélòó kan tó bá a wa ọkọ̀. Ní Gáatlí, ìlú wọn, obìnrin ló ń dúnàá-dúrà. Ọkùnrin tó bá ṣèèṣì fi awọ tọrẹ láìbi ìyàwó rẹ̀ léèrè máa gbọ́ ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Seigáan ní aṣọ òtútù lòun fẹ́ fi ẹja gbà, àmọ́ gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ mọ̀ pé irọ́ ni. Kaduuk, àbúrò rẹ̀, ló wá wò. Ìgbà tí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ń yé ẹyin sí etíkun ni wọ́n ti fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Èso igbó ti pọ́n, ó ti tán, ìrì dídì ti ń funfun lórí koríko láràárọ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì gbúròó rẹ̀.

Àgbọ̀nrín ni wọ́n fi í ṣe, nígbà tí ìlú wọn àti àwọn Rọ́ṣíà parí ìjà. Bí ìlú méjì bá jà títí tí ìjà sú wọn, ìlú kìn-ín-ní á mú ẹni iyì kan fún èkejì, èkejì náà á mú tiẹ̀ wá, ẹni tí wọ́n bá sì mú wá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní àgbọ̀nrín, torí ẹranko tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà ni. Wọ́n á gbé e wọlé lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kanlẹ̀. Wọ́n á fi ìhùùhù funfun àyà ẹyẹ idì sí i lórí. Wọ́n á máa fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, torí ọwọ́ àgbọ̀nrín kì í ṣe iṣẹ́ kankan, kí ọwọ́ àwọn tó kù náà lè gbàgbé ohun ìjà. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pariwo lójú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìhùùhù yẹn bá ṣì wà lórí rẹ̀, kò sí ogun, ẹni tó bá sì gbé ìbọn ti dójú ti ìyá tó bí i.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni Seigáan ti wá rí i, tó ń la igi. Ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú ọgbẹ́ wà léjìká rẹ̀, ó ti rù kan eegun. Ìhùùhù díẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, tó ti dọ̀tí, tó fi òwú so mọ́ irun ara rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e lọ.

Seigáan yíjú kúrò. Láti ìgbà tó ti di obìnrin ni òun àti Kaduuk ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní tààrà mọ́, wọn kì í sì í wo ara wọn lójú. Bí ẹ̀gbọ́n obìnrin àti àbúrò ọkùnrin ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn nílùú wọn nìyẹn. Ó gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ kalẹ̀, ó sì bá agbọ̀n sọ̀rọ̀.

"Agbọ̀n, bá mi bi ẹni tó ń la igi yẹn léèrè, ta ló gbé àáké lé e lọ́wọ́?"

Kaduuk ò gbójú sókè. "Igi, bá mi sọ fún agbọ̀n pé wọ́n bẹ̀ mí ni. Pàṣán ni wọ́n fi bẹ̀ mí."

"Agbọ̀n ní ṣé ó ń jẹun?"

"Ajá olórí odi máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi. Ọmọlúàbí ni ajá yẹn. Òun nìkan ló mọ̀ níbí pé ọmọ ilé Ìwò ni mí." Ó la igi mìíràn sí méjì. "Sọ fún agbọ̀n kó má sunkún níbí o. Wọ́n á ní òtútù ló mú un."

Seigáan ò sunkún. Inú ló ń bí i débi pé igi pẹlẹbẹ tí wọ́n kì bọ ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀, èyí tó fi hàn pé ọmọ ilé ńlá tó ń jẹ́ orúkọ ẹyẹ ìwò ni, ń gbọ̀n. Sójà kan tó ń kọjá tọ́ka sí igi ètè náà, ó sì rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Kò tiẹ̀ wò ó. Sava ló ń wá.

Sava ni ògbufọ̀ wọn. Ará àwọn erékùṣù kan ni, lọ́hùn-ún níbi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Àwọn Rọ́ṣíà ti gba ilẹ̀ baba rẹ̀ kí wọ́n tó bí i, wọ́n sì fún un ní orúkọ tuntun àti àgbélébùú ọrùn dípò rẹ̀. Ibi tó ti ń lẹ ọkọ̀ awọ ni Seigáan ti bá a.

"Ìwọ lo dúró láàárín wa lọ́jọ́ tí a ṣe àlàáfíà," ó ní. "Kí lo sọ fún wọn pé à ń pè ní àgbọ̀nrín?"

Sava ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, wọn ò ní ọ̀rọ̀ fún un. Amanáàtì ni mo pè é."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni... ẹni tí wọ́n mú dání. Táwọn èèyàn ẹ̀ bá ń kó awọ wá, á jẹun. Tí wọn ò bá kó o wá, wọ́n á so ó kọ́."

"Ẹni ìdógò."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìdógò."

"Àbúrò mi! A fi orin gbé ọmọ ilé Ìwò fún yín, ẹ lọ fi í ṣe ìdógò! Ìdógò kí ni? Kí la gbà lọ́wọ́ yín?"

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá tèmi náà, amanáàtì ni. Ibẹ̀ ló kú sí." Sava fa ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ nìyẹn. Mi ò mọ òmíràn."

Ó ṣe Seigáan bíi kó gbá a létí, ó sì tún ṣe é bíi kó bá a sunkún, èyí wá dá kún ìbínú rẹ̀. Ta ló ní kí ọkùnrin yìí yẹ ní ẹni àánú lójú òun lónìí?

"Olórí odi rán mi sí yín," ni Sava tún wí. "Ó ní ọkọ̀ ńlá ti gbé bàbà pẹlẹbẹ kan dé, ẹyẹ olórí méjì tó jẹ́ àmì wọn wà lára ẹ̀. Kí Bàbá Yeildéi, olórí ilé yín, kọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà. Kẹ́ ẹ sì máa kó awọ ẹran òkun onírun wá lọ́dọọdún fún ọba wọn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbà á ni wọ́n máa tú Kaduuk sílẹ̀."

"Ọba wo?"

"Ọba àwọn Rọ́ṣíà. Ó ní òun ló ni gbogbo ibí."

"Ó ti débí rí?"

"Rárá."

"Ó mọ ibi tí ẹja ń gbà wọ odò wa?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu Sava. "Níbo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

"Ẹyẹ olórí méjì," ni Seigáan wí, ó sì tutọ́ sílẹ̀. "Àní ẹyẹ wọn gan-an ò mọ ibi tó ń wò."

Nígbà tó délé, àgbọ̀nrín àwọn Rọ́ṣíà ló kọ́kọ́ rí.

Yefim ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ìdáná ni nínú odi, ẹni tí ẹnikẹ́ni lè gbá nípàá bó bá wù ú. Nígbà tí Gáatlí ní kí àwọn Rọ́ṣíà náà mú ẹni iyì wọn wá, òun ni wọ́n tì jáde, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ́wọ́ wọ ilé Ìwò, ó ké títí ó fi dákú, ó rò pé wọ́n fẹ́ sè é jẹ ni. Ní báyìí, ó jókòó sórí pèpéle tó wà nínú ilé lápá ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ọlọ́lá ń jókòó sí. Ó ti sanra. Ìhùùhù funfun báláú wà lórí irun rẹ̀ pupa, ìyàwó Yeildéi sì ń ki ẹja gbígbẹ bọ òróró, ó ń fi í sí i lẹ́nu.

"Ó dùn," ni Yefim wí lédè wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó gbọ́ dáadáa nìyẹn.

Seigáan lọ dúró tì í lórí. Ó wo ẹnu tó ń jẹun yẹn, ó wo ọwọ́ méjèèjì tó gbé lé itan, tó ti dẹ̀, tó ti mọ́, ó sì rántí bí àtẹ́lẹwọ́ Kaduuk ṣe bó. Ìyàwó Yeildéi rí ojú rẹ̀, ó yára gbé ara sáàárín àwọn méjèèjì.

"Má wò ó báyẹn. Àgbọ̀nrín ni."

"Mo mọ̀ pé àgbọ̀nrín ni!" Seigáan pariwo. Lójú àgbọ̀nrín ló ti pariwo, ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí nínú ilé yẹn. Yefim dẹ́kun jíjẹ. Ojú ọmọ ìdáná ló tún fi wò ó, ojú ẹni tó ń retí àbàrá.

Kí ìlú tó kóra jọ, wọ́n gbé e lọ sí ilé Ìkookò ní apá kejì ìlú kó má bàa gbọ́ ariwo. Ẹ wo irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Inú wọn ń hó, wọ́n ṣì ń ṣọ́ etí ọ̀tá wọn.

Ilé Ìwò kún dẹ́nu ọ̀nà. Yeildéi, ẹ̀gbọ́n ìyá Seigáan, ló ni àga iwájú. Arúgbó ni, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu Seigáan kí ẹnikẹ́ni tó jókòó. Lọ́dọ̀ wọn, ọmọ arábìnrin ẹni ló ń jogún ẹni, kì í ṣe ọmọ bíbí inú ẹni. Kaduuk ló yẹ kó jókòó sórí àga yẹn lọ́jọ́ tí Yeildéi ò bá sí mọ́. Olórí ilé Ìkookò, Kichgáaw, ọkọ Seigáan, kọjúùjà sí i láti òdìkejì iná. Kò lè jókòó.

"Kí la tún ń sọ?" ni Kichgáaw wí. "Wọ́n ti pa àlàáfíà. Ẹ jẹ́ ká pa ẹlẹ́nu òróró yẹn, ká lọ dáná sun odi wọn."

Àwọn ọ̀dọ́ hó yèè.

"Kí lẹ máa fi sun ún?" ni Yeildéi bi wọ́n. "Ẹnu? Àgbá wà lórí odi yẹn. Ilé wa sì nìyí létí omi jíjìn. Ọkọ̀ ńlá wọn lè wá dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, kí wọ́n máa yìnbọn sínú ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó mi." Ohùn rẹ̀ wá yí padà. "Ẹ gbọ́ mi. Bàbà ni. Bàbà lásán. A ti ń gba aṣọ lọ́wọ́ wọn, a ń gba irin. Tí mo bá kọ́ ẹyọ bàbà kan sẹ́nu ọ̀nà, kí ló máa bù lára mi? Ọmọ mi á wálé."

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń hó lẹ́ẹ̀kan ń wo iná.

"Ọmọ Ìwò, ajíòòrùn-fáyé!" Kichgáaw fi oríkì ilé wọn gún un lójú. "Ẹ̀yin tí baba ńlá yín wọ ilé ọlọ́rọ̀ lọ jí ìmọ́lẹ̀ fún gbogbo ayé, ṣé ẹ̀yin náà lẹ fẹ́ lọ wólẹ̀ fún ẹyẹ olórí méjì?"

"Kì í ṣe oòrùn ni mò ń wá," ni Yeildéi dá a lóhùn. "Ọmọ mi ni mò ń wá."

Seigáan bá dìde. Obìnrin tó ń dúnàá-dúrà fún gbogbo ilé ni, wọ́n sì dákẹ́ fún un.

"Bàbá, kò sẹ́ni tó fẹ́ kó wálé tó mi níbí. Ẹ̀yìn mi ló sùn títí ó fi mọ̀ ọ́n rìn. Tí wọ́n bá ní kí n fi gbogbo awọ tó wà nínú ilé yìí gbà á, mi ò ní bá wọn nájà. Àmọ́ mo ti rí amanáàtì lójú méjèèjì. Kì í ṣe Kaduuk. Sava ni. Kò sí ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ tiẹ̀. Ó ń rìn bó ṣe wù ú, ó ń lẹ ọkọ̀ wọn, ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn, kò sì lè gbóhùn sókè. Tẹ́ ẹ bá kọ́ bàbà yẹn, Kaduuk á wálé lóòótọ́. Ilé amanáàtì ló máa wọ̀. Ẹja inú odò wa, àwọn ni wọ́n á máa bù ú fún wa jẹ. Lọ́jọ́ tí awọ ò bá tó, ọmọ míì ni wọ́n á tún wá mú, àwa la sì máa lọ fà á lé wọn lọ́wọ́."

"Kí lo wá fẹ́ ká ṣe?" Kichgáaw ló bi í. Inú ń bí i sí i, torí ó ti mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, ogun tó rọrùn sì ti ń bọ́ lọ́wọ́ òun.

"Ẹ jẹ́ ká kó kúrò níbí. Ẹnu odò ni ká lọ, níbi tí omi ti fẹ́lẹ́ tí ọkọ̀ ńlá ò lè sún mọ́. Ẹ gé igi tútù, ká fi mọ odi. Igi tútù ò ní jóná bọ̀rọ̀. Ẹ kó ẹ̀tù ìbọn tí a rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ọkọ̀ òkun tó ń ti Bọ́sítọ́nì wá lọ síbẹ̀, ẹ kó ẹja gbígbẹ, ẹ kó àwọn arúgbó. Àmọ́ ká tó fọwọ́ kan ìbọn kankan, ọ̀rọ̀ àgbọ̀nrín lákọ̀ọ́kọ́. Ká gbé tiwọn padà fún wọn lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú orin. Ká ní kí wọ́n fún wa ní tiwa. Tí wọ́n bá kọ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ láéláé pé àwa la kọ́kọ́ dà á."

"Ká gbé e padà?" ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. "Pẹ̀lú gbogbo ọ̀rá tó ti kó sára yẹn? Òróró wa ni o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kíkorò. Seigáan ò bá wọn rín in.

"Mo fi eérú òkú ìyá mi búra," ó ní. "Mi ò ní kọ́ bàbà kankan, mi ò sì ní fọwọ́ kan irun kan ṣoṣo lórí ọkùnrin yẹn. Ohun tí wọ́n ṣe fún tiwa ni wọ́n fi ń jẹ́ Rọ́ṣíà. Ohun tá a bá ṣe fún tiwọn la fi máa jẹ́ ará Gáatlí."

Yeildéi bọ́ aṣọ irun ewúrẹ́ òkè tó wà lọ́rùn rẹ̀, èyí tí obìnrin kan fi ọdún gbáko hun, tí kì í bọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ fi wọ̀ ọ́," ó ní. "Kí wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àgbọ̀nrín."

Láti ọjọ́ kejì ni ìlú Gáatlí ti ń tú ara rẹ̀ palẹ̀. Àwọn obìnrin ń fi ọkọ̀ kó àpótí ẹja àti òróró gba etíkun lọ, àwọn ọkùnrin ń gé igi lẹ́nu odò, wọ́n ń gbẹ́ ihò, wọ́n ń ri òpó mọ́lẹ̀ nínú òjò. Àwọn arúgbó jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ń wẹ̀yìn wo ilé tí wọ́n bí wọn sí, wọ́n sì ń ṣépè fún àwọn Rọ́ṣíà láìsinmi. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dákẹ́.

Nígbà tí òpó odi ti ń ga sókè, wọ́n múra fún ọ̀rọ̀ àgbọ̀nrín. Nígbà tí Yefim wá gbọ́ ibi tí wọ́n ń gbé òun lọ, ó di òpó ilé mú. "Ó dùn," ló ń wí, "ó dùn, ó dùn," torí kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè fi bẹ̀bẹ̀. Wọ́n rọra ká ìka rẹ̀ kúrò lára òpó. Wọ́n kó ìhùùhù tuntun sí i lórí, wọ́n da aṣọ Yeildéi bò ó, wọ́n sì gbé e sáàárín ọkọ̀.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lọ. Wọn ò mú ohun ìjà dání, àyàfi ọ̀bẹ tí ọkùnrin fi ń jẹun. Kichgáaw jókòó sẹ́yìn, ó ń darí, àwọn awakọ̀ sì ń kọ orin àlàáfíà bíi kí wọ́n máa bú èèyàn. Seigáan ló jókòó síwájú.

Olórí odi jáde sórí ògiri pẹ̀lú Sava àti àwọn sójà rẹ̀. Nígbà tó rí ọmọ ìdáná rẹ̀ nínú aṣọ olówó iyebíye, pẹ̀lú ìyẹ́ ẹyẹ lórí, ó di ikùn mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn sójà ń pe Yefim ní orúkọ tí Sava ò túmọ̀. Yefim fi aṣọ bojú.

Kaduuk wà lórí ògiri náà. Wọ́n ń fi í tún pèpéle tí àgbá wà lórí rẹ̀ ṣe, torí òjò ti mú kí pákó rẹ̀ jẹrà, àgbá sì ti dagun síta. Okùn nínípọn méjì ni wọ́n fi fà á mọ́ òpó kó má bàa yí lọ. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú àáké wọn.

Seigáan dìde nínú ọkọ̀. "Sava! Sọ fún un pé àgbọ̀nrín yín nìyí, odindi, ó yó, a ò ní kó gbé àjẹ̀ rí. Ẹ fún wa ní tiwa."

Sava túmọ̀ rẹ̀. Olórí odi nu ojú. Ó nawọ́ sẹ́yìn, wọ́n sì gbé bàbà náà fún un, ó ń dán nínú òjò pẹ̀lú ẹyẹ olórí méjì lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ ò gùn.

"Ó ní ẹ lè mú ọmọ ìdáná yẹn lọ tó bá wù yín," ni Sava wí, kò sì wo ẹnikẹ́ni. "Bàbà yìí ni kẹ́ ẹ gbà. Tẹ́ ẹ bá nawọ́ gbà á, Kaduuk á bá yín lọ nísinsìnyí. Tẹ́ ẹ bá kọ̀, ó ní kí n sọ pé wọ́n ti ki àgbá."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Kí Seigáan nawọ́ ni. Ṣebí ó ti nawọ́ gba bàbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò rí? Ó lè nawọ́ gba èyí, kó gbé àbúrò rẹ̀ délé, kó fi òróró pa ọgbẹ́ rẹ̀. Ó lè ní kí wọ́n ju bàbà náà sókun tó bá yá. Gbogbo irọ́ tí àwọn tó ti gbà á ṣáájú rẹ̀ pa fún ara wọn ló wá sí i lọ́kàn, wọ́n sì dùn létí. Ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò lára ọkọ̀. Kichgáaw rí i láti ẹ̀yìn, kò sì lè sọ̀rọ̀, torí kì í ṣe àbúrò tiẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Ohùn Kaduuk ni. Kò bá igi sọ̀rọ̀, kò bá omi sọ̀rọ̀. Ó ti dìde dúró lórí ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò mí lójú."

Seigáan gbójú sókè, ó sì wò ó. Ojú ìyá wọn ló wà lójú rẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ṣé àgbọ̀nrín lẹ̀ ń wò yẹn?"

"Ẹ má fi mí ra nǹkankan," ni Kaduuk wí. Ó ki ọwọ́ bọ irun rẹ̀, ó já òwú, ó sì tú ìhùùhù ìdọ̀tí náà sínú afẹ́fẹ́. "Kò sí àgbọ̀nrín mọ́ níbí. Àwọn fúnra wọn ló fún mi láàáké. Ẹ wakọ̀ yín! Ẹ wà á!"

Ó yí padà, ó sì gé okùn kìn-ín-ní. Kò sẹ́ni tó lóye rẹ̀ lórí ògiri yẹn àfi Sava, Sava ò sì lanu. Nígbà tí àáké ba okùn kejì, pákó jíjẹrà náà ya. Àgbá dorí kodò, ó wó ìdajì pèpéle dání, ó bọ́ sínú omi pẹ̀lú ariwo tó mú ọkọ̀ wọn fò sókè. Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Seigáan rí i tí Kaduuk jókòó lójijì, bí ẹni tó rẹ̀, tó sì dùbúlẹ̀ lórí pákó. Kò dìde mọ́.

Wọ́n wakọ̀. Ọta ń bọ́ sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀kan ba awakọ̀ kan lápá, ọwọ́ rẹ̀ sì tú lára àjẹ̀. Nígbà tí wọ́n yà sẹ́yìn òkúta etíkun, ìbọn ò lè bá wọn mọ́. Ìgbà yẹn ni Seigáan rí ìhùùhù kan tí afẹ́fẹ́ gbé wá, tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó mú un, ó pa ọwọ́ rẹ̀ dé lé e lórí, ó sì ké igbe kan tó jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Kò ké mọ́.

Gbogbo wọn ti dáwọ́ wíwakọ̀ dúró, àyàfi ẹnìkan. Yefim ti gbé àjẹ̀ ẹni tó fara gbọta. Ó ń wà á bíi wèrè, ó ń sunkún, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí odi àwọn èèyàn rẹ̀.

Kichgáaw yọ ọ̀bẹ. "Seigáan. Ìwọ lo ni ẹ̀jẹ̀ yìí. Wọ́n ti pa tiwa. Sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́."

Mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni: ó wù ú. Ó wù ú kí wọ́n dá ọ̀fun yẹn, gbogbo ẹja tí wọ́n fi sínú rẹ̀ kó tú jáde, kí wọ́n ju orí pupa yẹn sẹ́nu ọ̀nà odi. Kò ní jẹ̀bi lójú ẹnikẹ́ni nílùú wọn. Láti ẹnu odò lọ́hùn-ún, ó ń gbọ́ àáké àwọn ará ilé rẹ̀ tí wọ́n ń gé igi fún ogun tó ń bọ̀.

Ó rá gba àárín àwọn awakọ̀ kọjá. Yefim rí i tó ń bọ̀, ó sì tún kú sí ìdí àjẹ̀ náà, ó ń wà á, ó ń wà á, bí ẹni pé tóun bá ṣiṣẹ́ tó, wọn ò ní pa òun. Ìhùùhù funfun ń gbọ̀n lórí rẹ̀.

Seigáan di àjẹ̀ mú. Eyín rẹ̀ há pọ̀ débi pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ibi gbà jáde.

"Gbé e sílẹ̀," ó ní. "Àgbọ̀nrín kì í wakọ̀."